Bí PHP Ṣe Gba Ìrẹsì Lọ́wọ́ Alhaja

Ẹ má pè mí ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà mọ́. Bí mo bá rí Alhaja aláǹkárá ní títì Kubwa báyìí, kọ̀rọ̀ ni mò ń gbà.

Ẹ ṣáà mọ ìrẹsì ọdún ẹgbẹ́ wa. Akọ̀wé ní kí n bá àwọn to orúkọ láti A dé Z, kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi alákọrí! Mo ní, "Ẹ fi sílẹ̀, PHP, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni n ó fi ṣe é." Mo kọ `foreach ($egbe as &$eni)`, àṣẹ tó ń mú orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi gé àlàfo tí akọ̀wé máa ń fi sẹ́yìn orúkọ. Mo tún kọ foreach mìíràn, `$eni` kan náà, òun ló tẹ orúkọ jáde. Ó dán gbinrin. Mo tún buwọ́ lù ú. Ta ló rán mi níṣẹ́ ìbuwọ́lù?

Ó wá kan Zainab, orúkọ Alhaja, tó gbẹ̀yìn. Orúkọ Bàbá fọkanáísà, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y, ni wọ́n tún pè. Alhaja ti na àpò sílẹ̀ de mudu ìrẹsì wọn. "Wállàhí, ẹni tó jẹ mí lówó ankara ló pa orúkọ mi rẹ́!"

Òótọ́ ni, mo jẹ wọ́n. Ẹgbẹ́ sì ń wò mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ PHP ti ń rẹ́rìn-ín. Àmì & yẹn ló so `$eni` mọ́ orúkọ gan-an. Foreach àkọ́kọ́ parí, `$eni` kò kúrò lára ẹni tó gbẹ̀yìn, bí ewúrẹ́ tí wọn ò tú okùn rẹ̀. Ni foreach kejì bá ń kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan lé Alhaja lórí. Kó tó kàn wọ́n, wọ́n ti di Bàbá fọkanáísà. `unset($eni);` péré, tó ń tú okùn náà, ni ì bá gbà mí. Ìkìlọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé ìtọ́nà PHP gan-an. Mo ṣàlàyé fún Alhaja. Wọ́n ní, "Ṣé PHP ló wá ra ankara ni?"

Ẹ tiẹ̀ fi tèmi sílẹ̀ ná. Bàbá fọkanáísà ńkọ́? Wọ́n pè wọ́n, wọ́n jẹ́. Wọ́n tún pè wọ́n, wọ́n tún jẹ́! Wọ́n ti ṣí fìlà kúrò lórí nígbà kejì, kí a má baà dá wọn mọ̀. Ìyẹn ò sí nínú PHP o. A ní kí wọ́n dá ìrẹsì padà, wọ́n fi ìwé hàn wá: "Ta ló buwọ́ lu eléyìí?"

Èmi ni mo ra ìrẹsì fún Alhaja. Owó ankara ṣì wà lọ́rùn mi.