Ẹni tó kọ orin ló yẹ kó yan ibi tí yóò ti dákẹ́
Oṣù tó kọjá ni wọ́n gé orin mi láàárín lórí ìtàgé, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ orin rọ́ọ̀kì lórí ọ̀rọ̀ tí ìdílé kì í fẹ́ kó jáde síta, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Orin náà dá lórí ọmọdé kan tí alágbàtọ́ rẹ̀ máa ń nà bí ẹni máa pa á. Èmi ni ọmọ náà. Ní ẹsẹ kejì, ọmọ ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀bi òun ni. Ní ẹsẹ kẹta, ó wọ súwẹ́tà lọ sí iléèwé nínú ooru kí tíṣà má baà rí ẹ̀yìn rẹ̀. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, súwẹ́tà yẹn ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe parí ẹsẹ kejì, olórí ètò juwọ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì pa makirofóònù mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé kì í ṣe ti orí ìtàgé. Onílù dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ aláìgbọràn tó jẹ́wọ́ ni wọ́n gbọ́. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ní, "O káre, ọmọ mi. Pàṣán ló ń sọ ọmọ dèèyàn." N kò lè fèsì.

Mo ti kọ ọ́ tán níbòmíràn láti ìgbà náà, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ tó ká mi lára jù ni pé ìdákẹ́jẹ́ tí olórin yàn fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹlòmíràn fi pa á lẹ́nu mọ́. Nínú "Luka", orin tí olórin Amẹ́ríkà, Suzanne Vega, gbé jáde lọ́dún 1987 nípa ọmọ tí wọ́n ń lù nílé, ọmọ náà bẹ aládùúgbò pé bó bá gbọ́ ariwo lóru, kó má bi òun. Kò sọ ẹni tó ń lu òun, síbẹ̀ orin náà dé ipò kẹta ní Amẹ́ríkà. Olórin Tori Amos náà kò lo ohun èlò kankan nínú "Me and a Gun" lọ́dún 1991, orin nípa ìfipábánilòpọ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ó gbọ́. Ṣùgbọ́n fídíò orin "Jeremy" ti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Pearl Jam dá lórí ọmọ iléèwé kan tó pa ara rẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas. MTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé fídíò orin sáfẹ́fẹ́ nígbà náà, yọ ibi tí ìbọn ti hàn ní ìparí kúrò, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì rò pé ńṣe ni ọmọ náà yìnbọn pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ọmọ tó kú di apààyàn, bí wọ́n ṣe sọ èmi di aláìgbọràn.

Ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ dójú ti ìdílé mi. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti dárúkọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ààbọ̀ náà ni mo sì sọ, àmọ́ ọlọ́rọ̀ ló ń dá a sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí olórí ètò ka gbogbo ẹsẹ orin yín ṣáájú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ ọ̀kan, ẹ kọ orin mìíràn lọ́jọ́ náà, kí ẹ gbé èyí lọ síbi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ tán.