Adágún tí wọ́n ní mò ń jayé létí ẹ̀

Àwọn ará ilé mi rí fọ́tò adágún Simcoe ní Kánádà ńbí tí mo fi sórí WhatsApp, ni wọ́n bá sọ mí di olówó. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ní Ọ̀tùn Èkìtì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ̀ ń jayé, ìyà làwa ń jẹ ńbí", àbúrò ìyá mi ní tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo ra etí omi yẹn àbí mo kàn háyà ẹ̀. Ẹ gbà mí o. Abẹ́ ilé onílé ni mò ń gbé, yàrá tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀, tí mo bá yọjú lójú fèrèsé ìdí kòríko ni mò ń rí, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Omi yẹn, gbogbo ìlú ló ni ín. Mò ń bọ̀ látibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé ẹ wò ó bó ṣe rí, ni mo fi yà á. Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ibí wé ilé dáadáa kí gbogbo wa lè sinmi.

Ti ilé ò pọ̀ lẹ́nu mi, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀nà, owó epo, ẹ mọ gbogbo ẹ̀. Àwa náà ní adágún tiwa, dáàmù Ero tó wà ní Ìkún ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà níbẹ̀, omi rẹpẹtẹ tí àwọn apẹja ti ń kó epìyà àti àrọ̀, tí àwa máa ń lọ ya fọ́tò létí ẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde, a ó gbé ìrẹsì àti mínírà lọ, tá a bá ń bọ̀ a ó fi ike àti nylon píọ̀ wọ́tà sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rọ omi tó wà lójúde ilé wa ńkọ́? Aṣọ ni ìyá mi ń sá sí i lórí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Simcoe wà lápá àríwá Toronto, bíi wákàtí kan lọ́kọ̀ tí kò bá sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó fẹ̀ tó 722 kìlómítà onígun mẹ́rin, ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ tó mítà 41. Ẹ má rò pé bó ṣe mọ́ nínú fọ́tò yẹn ló ṣe wà látilẹ̀ o. Omi yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ajílẹ̀ oko, omi ṣaláńgá, àgbàrá tó ń ṣàn láti ìgboro, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé phosphorus wọ inú ẹ̀, phosphorus yìí sì loúnjẹ ewédò, ewédò á hù á pọ̀, tó bá kú á rì sísàlẹ̀, bó bá ṣe ń jẹrà níbẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn inú omi tán, ẹja trout tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ tó tutù ló fẹ́ràn ò ní rí nǹkan mí sí. Ó dé ibi tí trout ò lè bímọ nínú omi ara ẹ̀ mọ́, àwọn ìjọba ló ń sin ọmọ ẹja tí wọ́n ń dà á síbẹ̀. Lọ́dún 2008 ni wọ́n ṣòfin kan fún adágún yẹn nìkan ṣoṣo, nígbà tó di 2009 ètò ẹ̀ jáde, wọ́n ní kí phosphorus tó ń wọ ibẹ̀ lọ́dún kan dín kù dórí tọ́ọ̀nù 44. Wọn ò tíì dé bẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù náà sì tún ti ń dá wàhálà tiẹ̀ sílẹ̀.

Àmọ́ òfin kọ́ lẹ máa fojú rí tẹ́ ẹ bá dé bí, èèyàn ni. Tí yìnyín bá ti yọ́ tán, ẹ máa rí wọn láàárọ̀ Sátidé, tọmọdé tàgbà, wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé báàgì, wọ́n ń ṣa ìdí sìgá, okùn ìwọ̀, ìdérí ìgò, nígbà míì táyà. Ètò kan tún wà ní ìpínlẹ̀ Ontario ńbí tó jẹ́ pé àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń yẹ adágún wò, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa ń ṣe é: á wa ọkọ̀ lọ sáàárín omi, á so abọ́ pẹrẹsẹ kan mókùn, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ni fífẹ̀ ẹ̀, wọ́n kùn ún ní dúdú òun funfun, á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ojú ò fi ní rí i mọ́, á wá wo ibi tí okùn dé. Bó bá ṣe jìn tó ni omi ṣe mọ́ tó. Á bu omi sínú ìgò, á fi í ránṣẹ́ kí wọ́n lọ yẹ phosphorus inú ẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Ẹ wò ó, ìyẹn wú mi lórí, mi ò ní purọ́.

Ìwé wọn nìkan ló pọ̀. Tó o bá ti pé ọdún 18 tó ò tíì tó 65, o ò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ sómi láìní láísẹ́ńsì (ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn bàbá arúgbó ló kún etí omi). Tó o bá fẹ́ wa ọkọ̀ oní-íńjìnnì, ìdánwò wà fún un, wọ́n á fún ẹ ní káàdì. Tó o bá fẹ́ gbé ọkọ̀ omi láti adágún kan lọ síkejì, láti 2022 ó ti di dandan kó o gbọ́n omi inú ẹ̀ dà nù pátápátá kó o tó gbé e sójú títì, nítorí àwọn ìṣáwùrú kéékèèké àjèjì tí wọ́n ń pè ní zebra mussel. Ilé tí sọ́káwéè ẹ̀ bá wà láàárín 100 mítà sétí omi, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fojú inú wo bàbá bàbá mi tó fi ìgèrè pẹja tó dàgbà tó darúgbó, kẹ́ ẹ wá ní kó lọ kọ ìdánwò.

Ìyẹn ò dùn mí o. Ọ̀rọ̀ èèyàn ló dùn mí.

Lọ́jọ́ tá a bá ń ṣa ìdọ̀tí yẹn, ẹ máa rò pé ọmọ ìyá ni wá. Wọ́n á gbé kọfí àti donut wá, wọ́n á bi mí lórúkọ, wọ́n á máa pè é títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹni témi pẹ̀lú ẹ̀ jọ fa táyà jáde nínú ẹrẹ̀ á pàdé mi ní ṣọ́ọ̀bù, á rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó kórìíra mi, ohun tó pa wá pọ̀ ló ti parí. Àwa tá à ń kí èèyàn ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú atẹ́gùn, tó jẹ́ pé tó o bá kọjá níwájú ilé ẹnì kan ní Ọ̀tùn láìkí i ẹjọ́ ẹ á ti délé kó o tó délé, àwa náà ló wá ń lo odindi ọ̀sẹ̀ láìgbọ́ orúkọ ara wa lẹ́nu ẹnikẹ́ni àfi ọ̀gá níbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yìí mo se mọ́ínmọ́ín, mo gbé e lọ fún ìyá àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Inú ẹ̀ dùn gan-an. Lọ́jọ́ kejì mo bá abọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dán, káàdì ìdúpẹ́ wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ dára. Kò kanlẹ̀kùn. Mo sì wà nílé o, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀! Èkìtì ni, á ti fi iṣu tàbí ọsàn sínú abọ́ yẹn dá a padà, á jókòó, á bi mí ìdí tí mi ò fi tíì lọ́kọ.

Ìgbà òtútù ló wá burú jù. Adágún á dì gbagidi, àwọn ọkùnrin á gbé ilé pákó kéékèèké lọ sórí yìnyín, nọ́ńbà á wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lu ihò, wọ́n á ju ìwọ̀ sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrò kó tó kọjá ọjọ́ 15 oṣù Kẹta. Tẹ́ ẹ bá dúró létí omi tẹ́ ẹ wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, bí abúlé ló rí. Abúlé kọ́. Kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́ra, òun pẹ̀lú ihò tiẹ̀, òun pẹ̀lú hítà tiẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mú mi lọ rí, a fa trout ńlá kan jáde, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n dá a padà sómi. Mo ní kí lẹ ṣe báyìí, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ rí i ni. Ẹja o! Tí mo bá sọ ọ́ fún bàbá mi, á ní kí n máa bọ̀ nílé kí wọ́n wá tọ́jú mi.

Ẹ̀rù náà wà ńbẹ̀ díẹ̀. Ní 2007, àwọn kan ń bá àwọn apẹja tó jẹ́ ará Éṣíà jà láwọn etí omi Ontario, wọ́n ń tì wọ́n sómi, títí kan agbègbè Simcoe yìí, débi pé Ontario Human Rights Commission, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ṣèwádìí ẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Kò sẹ́ni tó tì mí rí. Àmọ́ tí mo bá dá dúró létí omi lálẹ́ pẹ̀lú àwọ̀ mi yìí, mo máa ń bojú wẹ̀yìn.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ti pẹja lórí adágún yìí tipẹ́tipẹ́, fèrèsé ẹ̀ kọjú sí omi, àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní Vancouver, inú fóònù ni wọ́n ti ń rí i. Tó bá di òru á tẹ aago pè mí, tí mo bá débẹ̀, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ oògùn, ó fẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìnyín. Wọ́n ń sanwó fún mi kí n lè ṣe bí ọmọ fún un. Ìyá tèmi wà ní Ọ̀tùn, inú fóònù lèmi náà ti ń rí i. Ẹ má bi mí ní ìbéèrè lórí ìyẹn.

Nígbà tá a wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìtọ́jú omi. Akéde á ké lálẹ́ pé ọ̀la ni ọwẹ̀ ojú odò, ilé kọ̀ọ̀kan á mú èèyàn wá, wọ́n á ro ọ̀nà, wọ́n á kó ewé inú odò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ìkòkò dúdú bu omi ńbẹ̀. Ilé tí ò bá mú èèyàn wá, àwọn ọ̀dọ́ á wá gbé adìyẹ wọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń jẹyán lẹ́yìn iṣẹ́. Ó dùn ju donut lọ. Àmọ́ kẹ́ ẹ má rò pé mò ń pọ́n ilé jù, ojú odò yẹn náà ni gbogbo ayé ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ, ẹni tó lóyún, ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, èmi tí mi ò tètè lọ́kọ. Mo fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́ nígbà yẹn. Ibí ti wá fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Kí wá ni mo ṣì ń ṣe ńbí? Ẹ gbọ́. Mo rí i lọ́jọ́ kan pé omi kan tó ń ṣàn wọ adágún yìí yí àwọ̀ padà, mo pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó omi, wọ́n gba orúkọ mi, wọ́n wá wò ó, wọ́n tún pè mí padà láti sọ ohun tó fà á. Èmi, àjèjì, tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Nílé, mo ti kọ̀wé rí nítorí ẹ̀rọ omi tó gbẹ yẹn, ẹni tó gba ìwé náà bi mí pé ta ni bàbá mi, ó sì ní kí n wá owó epo mọ́tò wá. Owó oògùn ìyá mi, ibí ló ti ń wá. Owó ilé ìwé àwọn tó ń kọ "ẹ̀yin lẹ̀ ń jayé" sábẹ́ fọ́tò mi náà, ibí kan náà ni. Nítorí náà mi ò tíì ń bọ̀, mi ò sì sọ pé ibí dáa ju ilé lọ, mo kàn ní kẹ́ ẹ má pè é ní ayé jíjẹ.

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ilé pé kí wọ́n jẹ́ ká dá ọwẹ̀ sílẹ̀ fún etí dáàmù lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ká máa ṣa nylon ibẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa ra ìbọ̀wọ́. Mo ti fowó ẹ̀ ránṣẹ́, ó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò tíì dá ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá wá dá a, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa gbé adìyẹ àwọn tí ò yọjú bíi ti àtijọ́, ẹ kọ orúkọ mi mọ́ wọn, màá san tèmi.