Ẹ̀rọ ìlọta, ọjọ́ kẹta: Exponential kọ̀ jálẹ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìwé dé ni. Orí ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ìdí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́bàá Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì níbí, náà ni mo ṣì wà. Mò ń wá ìlànà ìṣirò tó bá bí àwọn oníbàárà ṣe ń dé mu, àti èyí tó bá bí lílọ̀ ṣe ń pẹ́ tó mu. Wákàtí márùn-ún ni mo fi jókòó lánàá. Mo pín in sí ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ìyẹn ọ̀nà 60. Oníbàárà 120 ló dé.

Dídé wọn kò yọ mí lẹ́nu. Poisson (ìlànà ìṣirò fún iye ìgbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ láìlétò láàárín àkókò kan) tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 2 ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo da ìgbà tí ènìyàn mẹ́rin dé àti ìgbà tí márùn-ún sókè dé pọ̀ sójú kan (ìyẹn ẹgbẹ́ kan), torí iye tí à ń retí fún márùn-ún sókè nìkan kò tó 5. Chi-square, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohun tí mo rí ṣe yàtọ̀ tó sí ohun tí à ń retí, jẹ́ 0.71; ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá jẹ́ 7.815. Ó bára mu.

Àkókò lílọ̀ ni wàhálà. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Mo gé e ní ìṣẹ́jú-àáyá 27, 61, 110 àti 193, kí ojú márààrún lè gba 24-24 bó bá jẹ́ exponential, ìlànà ìṣirò kan fún àkókò, ni. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni 0, 22, 45, 37, 16. Òdo! Chi-square fò dé 52.25, bẹ́ẹ̀ 7.815 náà ni ààlà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe, mo rò pé mo ṣì í kà ni. (Ẹ má fi fóònù ka àkókò o, ojú rẹ̀ máa ń kú lójijì. Aago tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ń fi kọ́rùn ni mo rà, ó sì wúlò gan-an.)

Ìgbà tó yá ni mo wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Bó ti wù kí ata kéré tó, wọ́n á dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fomi ṣan ẹ̀rọ, wọ́n á gbowó. Exponential ní kí iṣẹ́ kúkurú jù lọ pọ̀ jù lọ. Ibo ni iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá wà nídìí ẹ̀rọ? Ni mo bá gbójú lé Erlang, ìlànà ìṣirò mìíràn fún àkókò, èyí tí wọ́n fi orúkọ ará Denmark tó ṣírò ìpè tẹlifóònù ní 1909 pè, torí iṣẹ́ tó ń lọ ní ìpele-ìpele ló bá mu. Nọ́ńbà méjì ni màá fojú bù, nítorí náà òmìnira (degrees of freedom: iye ojú, yọ ọ̀kan, yọ iye nọ́ńbà tí a fojú bù) á ku 2, ààlà á di 5.991.

Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lọ kí n tó ṣàkíyèsí ohun tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: nínú àwọn 16 tó kọjá 193, ẹ̀wà ni 13. Mo sáré padà lọ bi ìyá ẹlẹ́rọ.

“Màmá, ẹ̀wà àti ata, ṣé bákan náà lẹ ṣe ń lọ̀ wọ́n?”

“Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń lọ ẹ̀wà, kó lè kúnná.”

Iṣẹ́ méjì ni mo ti ń dà pọ̀ láti ọjọ́ kìíní! Mo pa Erlang tì ná. Ata á dá wà, ẹ̀wà á dá wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà 13 kò tó pín sí ojú márùn-ún. Ó kéré tán, mo nílò 25. Àárọ̀ Sátidé ni àwọn alákàrà máa ń pọ̀ níbẹ̀, aago mẹ́fà ni màá ti jókòó.