Ẹ yé sá fún àyà tó ń já

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nípa àníyàn tó ti pẹ́ lára, èyí ló wúlò jù: sísá tí à ń sá fún un ni kì í jẹ́ kó lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ já nínú bọ́ọ̀sì á tètè sọ̀ kalẹ̀, ara á tù ú, ọpọlọ rẹ̀ á sì gbà pé sísọ̀ kalẹ̀ yẹn ló yọ ọ́. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ̀rù bọ́ọ̀sì á le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ná. Ẹṣẹ́ thyroid, èyí tó wà níwájú ọrùn, tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lè mú kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kí àyà máa lù kìkì. Bí àyẹ̀wò bá sì ti ní kò sí nǹkan, ẹ má tún lọ ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Sísá nìyẹn náà.

Bí ìpayà bá dé, àwọn tó wà nítòsí á máa pariwo pé, “Fa èémí dáadáa!” Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ìpayà mú ti ń mí jù tẹ́lẹ̀. Carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òòyì fi ń kọ́ ọ, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mímí jẹ́jẹ́ ló kàn, kì í ṣe mímí kíkankíkan. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn, ẹ fi imú fa èémí díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ẹ jẹ́ kó jáde fún 6. Èjìká kò gbọdọ̀ gbéra. Ẹ máa fi dánra wò fún ìṣẹ́jú 5, láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà tí ara bá balẹ̀. Ìpayà sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á máa lọ sílẹ̀, ẹ ṣe mímí jẹ́jẹ́ yìí o, ẹ ò ṣe é o.

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ń yẹra fún sílẹ̀, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100 bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe tó. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù bọ́ọ̀sì: dídúró ní ibùdókọ̀ lásán, 30, wíwọ̀ ọ́ dé ibùdó kejì pẹ̀lú ẹnì kan, 45, dídá wọ̀ ọ́, 60, jíjókòó sẹ́yìn pátápátá nígbà tí èrò kún, 80. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30. Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀ tàbí tí ẹ ó fi rí i pé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe é léraléra láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò lè tu irun kankan.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: onítọ̀hún á wọ bọ́ọ̀sì lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ á wà lápò, á di oògùn kan ṣoṣo mú, tàbí kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ó fi débi tó ń lọ. Ọpọlọ á ní oògùn yẹn ló yọ òun. Ẹ máa bọ́ irú àwọn ohun ìfaratì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìrònú tí kì í tán, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́, ní àkókò kan náà, kó má sún mọ́ àkókò oorun. Bó bá yọjú ṣáájú ìgbà náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré sílẹ̀, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, èyí tí ẹ lè ṣe nǹkan sí, ẹ kọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀; àmọ́ èyí tó bá kàn jẹ́ “bó bá wá lọ rí báyìí ńkọ́?”, ẹ fi í sílẹ̀ láìdáhùn.

Kọfí: nǹkan bí wákàtí 5 lẹ́yìn tí ẹ mu ún, ìdajì káfíìnì, èròjà inú rẹ̀ tó ń lé oorun, ṣì wà lára. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, torí dídá a dúró lójijì máa ń fa orí fífọ́. Ọtí ń tuni lára lálẹ́, àmọ́ ìdájí ló ń gbẹ̀san.

Bí dókítà bá kọ oògùn SSRI, irú oògùn kan tí wọ́n ń lò fún àníyàn, fún yín, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó ràn yín lọ́wọ́, àníyàn sì lè kọ́kọ́ le sí i. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bó bá sì jẹ́ pé èrò pé kí ẹ kúkú kú ló ń wá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá ìtọ́jú.

Àìsùn tàbí àìsàn lè mú àníyàn náà padà. Ẹ padà sí ohun tí ẹ fún ní 45 lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, kí ẹ sì tún máa gòkè lọ láti ibẹ̀.