Ọjọ́ 14 péré ni: ohun tí a ò mọ̀ nígbà tí maṣíìnì gé ìka àbúrò mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, mo kàn ń sún un síwájú ni torí ó máa ń dùn mí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá obìnrin kan wá ṣe fọ́tòkọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ọkọ ẹ̀ ló já bọ́ látorí àkàbà níbi iṣẹ́, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Bó ṣe kúrò báyìí ni mo ti sọ pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Odógunyàn. Káṣúà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Odógunyàn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ kùtù, àwọn ọ̀dọ́ á tò síwájú géètì, wọ́n á máa retí kí wọ́n pe orúkọ àwọn, ẹni tí wọn ò bá pè á padà sílé. Lóṣù keje ọdún yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ló wà, nǹkan há sínú maṣíìnì, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó lè yọ ọ́, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, ló bá tẹ bọ́tìnnì. Ìka méjì ló lọ lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ti àárín.

Súpáfáísọ̀ wọn ló sáré gbé e lọ sí kílíníìkì kan lóru. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ilẹ̀ ti ń mọ́, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń là á jáde. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún mọ́mì.”

Kọ́ńpìnì san owó kílíníìkì ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n kó ₦40,000 wá, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ní kó sáìn, pé ó ti gba owó, kò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́ láyé. Ọwọ́ òsì ló fi sáìn ín, ìlà kan tó wọ́ bí ekòló. A tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Màámi kúnlẹ̀ fún ẹni tó gbé owó yẹn wá. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n sọ fún un ní géètì pé kó má wá mọ́.

Oṣù mẹ́wàá kọjá. Ọjọ́ kan bùrọ̀dá kan tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ kó fáìlì wá fún fọ́tòkọ́pì, bí mo ṣe ń gbé ìwé yẹn lé orí maṣíìnì lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí “employee”, “injury”, “compensation”. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ṣàlàyé fún mi fún bíi wákàtí kan, omi ń bọ́ lójú mi ni mo ń gbọ́ ọ.

Òfin kan wà, Employees’ Compensation Act, ìyẹn òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọdún 2010 ni wọ́n ṣe é. NSITF ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn Nigeria Social Insurance Trust Fund. Gbogbo ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́, ìjọba o, kọ́ńpìnì o, ó gbọ́dọ̀ máa san náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tó ń san sínú àpò yẹn, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Àwọn sójà nìkan ni mo mọ̀ tí òfin yẹn yọ sílẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù wá nìyí: káṣúà wà nínú ẹ̀! Ọmọ iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ wà nínú ẹ̀, àní ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó gbà á wà nínú ẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ láìsí lẹ́tà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ fún àbúrò mi pé “káṣúà ni ẹ́”, ọ̀rọ̀ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan.

Ìwé tó sáìn yẹn ńkọ́? Òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ẹ̀ ṣàdéhùn pé òun ò ní gba ẹ̀tọ́ òun. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín létí dáadáa, torí irú ìwé yẹn ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé wá, nígbà tí ara ṣì ń ta ẹni tó fara pa.

Ọjọ́ 14 ni òfin fún ẹni tó fara pa láti sọ fún ọ̀gá. Mánéjà o, súpáfáísọ̀ o, ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ níbi iṣẹ́ o, ẹni yòówù kẹ́ ẹ sọ fún nínú wọn, ẹ ti sọ fún ọ̀gá nìyẹn. Orúkọ, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, irú ọgbẹ́ tó jẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sáìn sórí tiyín pé àwọn ti gbà á. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ̀yin fúnra yín wá ní ọdún kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, láti gba fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ sì fi béèrè owó yín lọ́wọ́ NSITF. Tí ìdí pàtàkì kan bá wà tẹ́ ẹ fi pẹ́, wọ́n lè gbà á títí di ọdún mẹ́ta, àmọ́ ẹ má gbójú lé ìyẹn.

Oṣù mẹ́wàá ti lọ nínú méjìlá tiwa, kò sì sí lẹ́tà kankan. Àmọ́ súpáfáísọ̀ ló gbé e lọ sí kílíníìkì lóru ọjọ́ yẹn gan-an, òfin sì sọ pé tí ọ̀gá bá ti mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀, àìkọ lẹ́tà nìkan ò ní dí ẹ̀tọ́ yẹn. Báwo la ṣe máa fi hàn pé wọ́n mọ̀? Mo sáré lọ bá Màámi nílé. Wọ́n ṣí Bíbélì wọn, wọ́n yọ nylon kan jáde, káàdì kílíníìkì wà nínú ẹ̀, àkókò tó débẹ̀ wà lórí ẹ̀, àti orúkọ kọ́ńpìnì tó gbé e wá. Wọn ò mọ ìwé kà o, wọ́n kàn ní ìwé tí wọ́n bá fún èèyàn lọ́jọ́ tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, èèyàn kì í jù ú nù. Rìsíìtì oògùn náà wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá.

Ní ti owó, ẹni tí jàǹbá sọ di ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n máa ń san fún un lóṣooṣù. Ẹni tó jẹ́ pé apá kan ara ẹ̀ ló lọ bíi ti àbúrò mi, wọ́n á ṣírò iye tí owó tó ń wọlé fún un máa dín kù sí, wọ́n á san ìdá 90 nínú ìyẹn. Owó ìtọ́jú náà wà níbẹ̀, tó fi dé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ àtọwọ́dá. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni jàǹbá ti bá yín, ká ní ẹ̀ ń ti Ìgbógbó lọ síbi iṣẹ́ tí ọ̀kadà gbé yín ṣubú ní Gáréèjì, ìyẹn náà wà nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìta ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ara yín, télọ̀, ọlọ́kadà, bíríkìlà, ẹ ò ní ọ̀gá tó máa san tiyín, ìnṣọ́ránsì jàǹbá tí wọ́n ń pè ní personal accident lẹ lè lọ bá àwọn oníṣòwò ìnṣọ́ránsì rà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n to ẹ̀yà ara sí hàn yín, iye tí wọ́n máa san lórí ìka, lórí ojú, lórí ẹsẹ̀. Ẹni tó sì ní owó pẹ́ńṣọ̀n, tí dókítà bá fọwọ́ sí i pé ara ẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́ yẹn mọ́, kò ní láti dúró di ọmọ 50 ọdún kó tó fọwọ́ kan owó ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wa wọlé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún pé. Wọ́n ti pè é fún àyẹ̀wò dókítà, a ṣì ń lọ, a ṣì ń bọ̀. Ọjọ́ tó fẹ́ sáìn ín, orí káńtà mi ló ti sáìn ín, ọwọ́ òsì náà ni, àmọ́ ó ti ń fi kọ́ ìwé kíkọ látọjọ́ yìí. Ó rọra kọ orúkọ ẹ̀ pátá, létà kan tẹ̀ lé èkejì, ó tó ìṣẹ́jú méjì, àwọn kọ́sítọ́mà tò sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Obìnrin ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, ọjọ́ 9 ni ọkọ ẹ̀ wà. A ti tẹ lẹ́tà yẹn, ó ti lọ fún wọn, wọ́n ti sáìn sórí ẹ̀. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ní Ìkòròdú níbí, kó kàn wá sí Sábó, màá bá a tẹ tiẹ̀, mi ò ní gba kọ́bọ̀.