Ẹ Bá Wa Dúpẹ́: Òkun Kò Gbé Wa Lọ ní Erékùṣù Padre

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin tí ẹ pe fóònù wa títí tí kò lọ, ẹ̀yin tí ẹ kóra jọ sí pálọ̀ wa ní Houston tí ẹ ń gbàdúrà láìmọ ibi tí a wà, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń kọ èyí sí. Gbogbo wa la padà wálé. Màmá ń bẹ, àwọn ọmọ ń bẹ, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ ń bẹ. Ọkọ̀ tí a ti yọ̀ǹda fún òkun nínú ọkàn wa náà wà níwájú ilé báyìí, iyọ̀ ló kàn bò ó. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí yanrìn níbẹ̀ pé bí Ọlọ́run bá kó wa yọ, n ò ní fi ẹ̀rí yìí pamọ́, n ò sì ní gé e kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Àwọn kan ti ń bi mí pé kí la lọ wá níbẹ̀. Erékùṣù Padre wà ní gúúsù Texas, lẹ́bàá ìlú Corpus Christi. Bí ilẹ̀ Lẹ́kkí ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀sà àti òkun ni tiẹ̀ náà rí: òkun Gulf ní ìlà oòrùn, ọ̀sà Laguna Madre ní ìwọ̀ oòrùn, iyọ̀ ọ̀sà náà sì tilẹ̀ ju ti òkun lọ. Nínú gbogbo irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ láyé, kò sí èyí tó gùn tó o. Láti 1962 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ya bíi máìlì 70 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dà kì í lọ jìnnà níbẹ̀; láti ibi tó bá parí sí, kò sí iná, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Etí òkun fúnra rẹ̀ ni títì. Máìlì márùn-ún àkọ́kọ́, ọkọ̀ yòówù lè rìn ín. Láti ibẹ̀ lọ, ó di ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, títí dé máìlì 60 níbi tí wọ́n ti gé erékùṣù náà sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Èèyàn á gba ìwé àṣẹ lọ́fẹ̀ẹ́, á pàgọ́ sẹ́sẹ̀ òkìtì yanrìn níbi tó bá wù ú.

Ìyá ọkọ mi ló fà á tí a fi lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni Màmá, Ayétòrò ni wọ́n bí wọn sí, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, tí òkun sì ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ilé tẹ̀lé ilé. Láti ìgbà tí Màmá ti dé sọ́dọ̀ wa ni wọ́n ti ń ní ara àwọn kò lélẹ̀, àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn òkun. Ni àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Akọ̀wé, bá ní òun mọ ibi tí òkun wà tí èèyàn kò sí.

Akọ̀wé kì í ṣe ẹni tó ń fẹnu lásán rìnrìn àjò. Ṣọ́bìrì wà nínú jíìpù rẹ̀, pákó wà, jáàkì wà, okùn ìfakọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà, omi mímu rẹpẹtẹ. Ibi tí ọ̀dà parí sí ló ti sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ ẹnu táyà, afẹ́fẹ́ ń dún ṣìì títí ó fi kù bíi 18 psi, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ mi rò pé ó ń ba ọkọ̀ jẹ́ ni. Ó ṣàlàyé fún wọn pé táyà tó rọ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn, èyí tó le á máa gbẹ́ ilẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ni, atẹ́gùn sì ń fẹ́ kíkankíkan láti ojú òkun. Ní gbogbo máìlì márùn-ún, wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. A kọjá 5, a kọjá 10, a kọjá 15. Lẹ́yìn 20 ni ilẹ̀ yí padà mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Big Shell ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kì í ṣe yanrìn mọ́, ìkarahun wẹ́wẹ́ ni, o tẹ̀ ẹ́ ó yẹ̀, etí òkun sì dàgẹ̀rẹ̀. Igi ńlá kan tí omi gbé jù sílẹ̀ dábùú ọ̀nà. Akọ̀wé yà fún un, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá rì. Kò tẹná rárá, nítorí bí táyà bá ń yí lójú kan, kòtò ló ń wà. Ó rọra fi rífáàsì sí i, ẹsẹ̀ iwájú náà rì. Kí a tó mọ̀, ọkọ̀ ti fikùn lélẹ̀.

A wa ilẹ̀. Bí a ṣe ń kó ìkarahun jáde níwájú táyà ni ti ẹ̀gbẹ́ ń ya wọlé. A ki pákó bọ̀ ọ́, pákó náà wọlẹ̀. Àwọn tó mọ ibẹ̀ ní ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ lè gba ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ kó tó wọ ibẹ̀. Àwa ń wá ẹni tí a óò fún lówó náà, nẹ́tíwọ̀kì kò sí. Orúnkún Màmá kò sì lè rin máìlì kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti 20.

Màmá jókòó sórí kúlà, wọn kò wo táyà rárá, omi ni wọ́n ń wò. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n rọra lọ síbi tí ewé òkun tò sí gbọọrọ lórí yanrìn. Lójú tiwa, ewé gbígbẹ ni. Wọ́n fi ọ̀pá yẹ̀ ẹ́, abẹ́ rẹ̀ ń tutù, akàn kékeré kan sá jáde. "Ìyàwó mi," wọ́n ní, "ewé àná nìyí. Omi á débí lálẹ́ yìí, á sì kọjá ibẹ̀. Ẹ sọ̀ ẹrù." Ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà ewé yẹn. Akọ̀wé náà gbà fún wọn: òkun Gulf kì í kún púpọ̀ bí kò bá nídìí, àmọ́ bí atẹ́gùn bá ń ti omi bọ̀, etí òkun ibẹ̀ lè má ṣẹ́ kù tó ibi tí ọkọ̀ yóò dúró. Ọkọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gun òkìtì, òfin ni, nítorí koríko orí òkìtì ló di erékùṣù náà mú.

A pàgọ́ síbi tí Màmá fọ̀pá tọ́ka sí. Ilẹ̀ ṣú, omi dé. Mo ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: ìgbì lá táyà, ó padà. Ó tún wá, ó dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò padà mọ́. Ajá igbó ń ké lẹ́yìn òkìtì, ọmọ mi obìnrin dì mọ́ mi lọ́rùn. Bóyá Akọ̀wé fẹ́ dá wa lára yá ni o, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn pé ní 1554, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta tó kó fàdákà lọ sí Spain fọ́ sí erékùṣù yìí kan náà, pé àwọn tó jáde nínú omi fẹsẹ̀ rìn lọ síhà Mẹ́síkò, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sọ́nà. Màmá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìtàn tí wọ́n ń sọ fún èèyàn lóru nìyẹn?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Mo dúpẹ́ ẹ̀rín yẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́tọ̀. Màmá wá gbé orin sókè, a gbàdúrà títí ohùn fi há. Omi wá, ó wá, ó dúró níwájú àgọ́ wa, kò wọlé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti fà. Ẹ wá gbọ́ ẹni tí Ọlọ́run rán. Ìjàpá! Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, tí àlọ́ wa kò sọ rere kan nípa rẹ̀. Ti òkun nìyí o, Kemp's ridley ni wọ́n ń pè é, òun ló kéré jù nínú gbogbo ìjàpá òkun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun láyé nígbà kan. Ní 1978 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin rẹ̀ wá síbẹ̀ láti Mẹ́síkò kó lè mọ erékùṣù náà sílé. Ọ̀sán ló ń yé, ó sì fẹ́ràn ọjọ́ atẹ́gùn. Atẹ́gùn tó ti omi lù wá lóru ló gbé e gúnlẹ̀ nítòsí wa. Ó wọ́ ara rẹ̀ gòkè, ó gbẹ́ kòtò, ó yé, ó sì bo ẹyin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ikùn gbá yanrìn lápá ọ̀tún, lápá òsì, gbì, gbì, gbì. Màmá ní, "Ẹ wò ó, ó ń jó!"

Láti oṣù Kẹrin sí àárín oṣù Keje, àwọn olùṣọ́ máa ń wa etí òkun náà lójoojúmọ́ láti wá ipasẹ̀ ìjàpá. Ọmọbìnrin kan nínú wọn tẹ̀ lé ipasẹ̀ yìí, ó bá wa níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ wá pé ká má mira títí ìjàpá yóò fi padà sómi. A kò mira! Ó kó ẹyin náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, wọ́n tó bíi 100, torí ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ wọn títí wọn á fi pa ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ó gbé rédíò, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ́fíìsì pé a wà láàyè. Ó ní àwọn kì í fa ọkọ̀, àmọ́ òun rí àwọn apẹja kan níwájú, òun á sọ fún wọn.

Baba àgbàlagbà kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló dé, èdè Spanish ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Baba yí ọkọ̀ wa ká, kò sọ̀rọ̀. Ó tún dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Ó gbé jáàkì lórí pákó, ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi yanrìn tútù àti igi dí kòtò abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí ló gba àkókò jù. Fífà gan-an kò pẹ́: wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n fà á padà lójú ipa tó bá wá, wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jáde. Omi kò dé ẹ́ńjìnnì. Ó sitáàtì lẹ́ẹ̀kan!

Baba kò gba kọ́bọ̀. Màmá bá bu mọ́ínmọ́ín fún un, ó jẹ ẹ́, ó ní támálì dáadáa ni, oúnjẹ àgbàdo tí àwọn ará Mẹ́síkò máa ń wé sínú ewé. Màmá kò gbọ́, wọ́n ní, "Àmín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ baba náà àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin onírédíò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, n ò ní gbàgbé ọ̀pá yẹn. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ó jó wọlé. A ò yan aṣọ, ẹ wọ ohun tó bá wù yín. Oúnjẹ wà. Akọ̀wé ní wọ́n á tú àwọn ọmọ ìjàpá sómi ní Malaquite, etí òkun kan ní erékùṣù náà, tó bá yá, pé ará ìlú lè wá wò ó, òun sì ti ń tò ẹrù. Màmá ní àwọn náà ń lọ. Èmi ṣì ń gbàdúrà sí i.