Bátìrì tó wú

Láàárọ̀ yìí, ojú ibi tí mo ti ń fi ìka darí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ṣàdédé ga sókè. Mo pa á, mo tú ìdí ẹ̀: bátìrì ti wú bí àkàrà inú epo! Àbúrò mi ti mú abẹ́rẹ́, ó ní ká lu ú kí afẹ́fẹ́ jáde. Mo pariwo mọ́ ọn. Bátìrì lithium ni. Bí a bá lu ú, ó lè gbaná lójú ẹsẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń lò ó, tìmùtìmù ń dí ihò afẹ́fẹ́ ẹ̀, ṣájà á sì wà lára ẹ̀ mọ́jú. Ooru àti kó máa wà ní 100% ṣáá ló ń tètè ba irú ẹ̀ jẹ́. Ó ti wà lórí sìmẹ́ńtì níta báyìí, ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Àyà mi ṣì ń já.